Férémù àti Fáìlì

Ní pálọ̀ bàbá kan ládùúgbò wa n'Íbàdàn Mesìọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, férémù kan ń bẹ lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago tí ó ti dákẹ́ tipẹ́. Bí ènìyàn bá sún mọ́ ọn, tí ó fi ọwọ́ nu eruku ojú gíláàsì rẹ̀, yóò rí i pé ìwé ẹ̀rí ìwé mẹ́fà ni, èyí tí bàbá tó bí onílé náà gbà kí ogun Hítílà tó bẹ́ sílẹ̀. Bébà pélébé yẹn ni ó yọ ọmọ àgbẹ̀ kúrò lẹ́nu ọkọ́, tí ó gbé e jókòó nídìí tábìlì ìjọba, tí ó ra kẹ̀kẹ́ Raleigh fún un, tí ó kọ́ ilé tí férémù náà kọ́ sí, tí àwọn tí ó jù ú lọ lọ́jọ́ orí sì ń gbé lẹ́tà wá bá a pé, "Akọ̀wé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa kà á."

Lábẹ́ férémù yìí gan-an ni ọmọ-ọmọ akọ̀wé náà obìnrin jókòó sí lọ́jọ́ tí mo yà kí wọn, tí ó ń to ẹ̀dà dígírì rẹ̀, ẹ̀dà ìwé àgùnbánirọ̀ rẹ̀ àti fọ́tò pélébé mẹ́rin sínú fáìlì. Mo ní, "Ọmọ mi, ibo ló tún kàn?" Ó ní, "Ibi tí wọ́n bá ti gba ìwé lọ́wọ́ wa ni, bàbá."

Ọmọ yìí kàwé ju bàbá bàbá rẹ̀ lọ fíìfíì, àmọ́ agbára tí ìwé ní lọ́jà iṣẹ́ kò ti inú ìmọ̀ nìkan wá. Iye àwọn mìíràn tí wọ́n di irú rẹ̀ lọ́wọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Láyé àwọn òyìnbó amúnisìn, ilé ẹ̀kọ́ kò pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìjọba, àwọn ilé ìtajà ńláńlá àti ìjọ Ọlọ́run ń wá akọ̀wé, tíṣà àti wòlé-wòlé lójú méjèèjì, wọ́n sì ti so owó oṣù mọ́ ìwé ẹ̀rí gírígírí: ẹni tí ó ní ìwé báyìí, iye báyìí, ẹni tí kò ní, kó lọ gbé ṣọ́bìrì.

Nígbà tí ó wá di ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, gẹ́gẹ́ bí àbá tí Stephen Awókòyà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ti gbé kalẹ̀ lọ́dún 1952, iye ọmọ tí ó wà nílé ẹ̀kọ́ fò láti 456,600 lọ́dún 1954 sí 811,432 lọ́dún 1955. Ọdún mẹ́jọ tí a fi ń ka ìwé mẹ́fà tẹ́lẹ̀ di mẹ́fà, nítorí náà ìparí ọdún 1960, ọdún tí a gba òmìnira, ni àkọ́so ètò yìí jáde, pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́ àti ìrètí lójú. Àga tí wọ́n ń lọ bá ti ní ẹni tí ó jókòó sórí rẹ̀.

Bí ọjà bá kún fún ẹrù kan, ṣíṣà ni oníbàárà ń ṣà á. Ọ̀gá tí ó ń gba oníwèé mẹ́fà tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí béèrè Módà, ó béèrè ìwé mẹ́wàá, ó di dígírì, síbẹ̀ lẹ́jà kan náà ni ẹni tí wọ́n gbà ń kọ. Ronald Dore, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ìwé lọ́dún 1976, ó sì pè é ní àrùn. Èmi náà rò pé àrùn ni, nítorí ẹni tí ó kó o kì í mọ̀, ara ọmọ rẹ̀ ni ó ti ń jáde.

Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti tètè rí i pé iṣẹ́ kò kárí, wọ́n sì wá ọ̀nà. Wọ́n dá abúlé oko sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ó jáde ilé ẹ̀kọ́, ní Ìlọrà, ní Akùfọ̀ àti níbòmíràn, lórí àpẹẹrẹ tí wọ́n rí ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà kò pẹ́ níbẹ̀ tí wọ́n fi ká ẹní wọn. Àwọn àgbà bú wọn ní ọ̀lẹ. N kò lè bá wọn dá sí i: ọmọ tí a fi ọdún mẹ́fà kọ́ pé ọkọ́ ni ìyà, a kò lè fi ọjọ́ kan sọ fún un pé ọkọ́ ni ọlá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá ta kókó ni ti àìdọ́gba. Ọ̀fẹ́ ni alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, owó ni gírámà, títí ó fi di ọdún 1979 tí àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹgbẹ́ òṣèlú UPN ń ṣàkóso sọ ọ́ di ọ̀fẹ́. Kí ó tó dìgbà yẹn, ọmọ akọ̀wé ti gun òkè, ọmọ àgbẹ̀ ṣì wà ní ìsàlẹ̀ àkàbà. Àwọn tí ó kọ́kọ́ débẹ̀ ni wọ́n sì wá ń pín iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ọmọ ẹni kò lè ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ti ọmọbìnrin tún yàtọ̀: bí owó kò bá tó, òun ni a kọ́kọ́ ń mú kúrò nílé ẹ̀kọ́.

Ohun kan wà tí ó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu nínú ìṣirò ìjọba àpapọ̀: àwọn tí ó kàwé ni àìríṣẹ́ṣe ń bá fínra ju àwọn tí kò kà rárá lọ. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ẹni tí kò kàwé kò ní agbára àtijókòó retí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò dáná ẹ̀kọ, yóò gbé àtẹ, ìjọba yóò sì kà á mọ́ àwọn tí ó ríṣẹ́ ṣe, bó ti wù kí èrè rẹ̀ kéré tó. Ìdúródèṣẹ́ gan-an, owó ni a fi ń ṣe é: owó ọkọ̀, owó ẹ̀dà, owó fọ́tò, oúnjẹ gbogbo ọjọ́ tí a kò tíì gbani síṣẹ́. Ẹni tí ilé rẹ̀ lè bọ́ ọ fún ọdún méjì yóò dúró de iṣẹ́ gidi. Ẹni tí kò ní irú ilé bẹ́ẹ̀ yóò gba èyí tí ó bá kọ́kọ́ yọjú, bí dígírì àwọn méjèèjì tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Síbẹ̀, bí iṣẹ́ bá bọ́ sí i, owó oṣù oníwèé gíga a máa ju ti aláìkàwé lọ. Ẹni tí ó bá sì ń wàásù pé ìwé kò wúlò mọ́, ẹ bi í léèrè iléèwé tí ọmọ tirẹ̀ ń lọ.

Nígbà tí ọmọ náà di fáìlì rẹ̀ tán, ìyá rẹ̀, tí wọ́n mú kúrò ní ìwé mẹ́rin kí ó lè máa kiri ata, tí ó sì ń ta á títí di òní, wọlé láti ìsọ̀. Kò bi í ní ibi tí ó ń lọ. Ó tú kókó etí ìró rẹ̀, ó ka owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ sí i lọ́wọ́, ó ronú díẹ̀, ó sì fi owó ẹ̀dà lé e.