Kọ̀ǹpútà ti sọ ọ́ kí ilẹ̀ tó mì ní Tọ́kì!

Wọn kì í ṣe babaláwo o. Kọ̀ǹpútà ni Ross Stein, Aykut Barka àti James Dieterich jókòó tì, wọ́n kó ìmìtìtì ilẹ̀ ńláńlá tó ti ń ṣẹlẹ̀ ní àríwá Tọ́kì láti 1939 sínú ẹ̀. Wọ́n rí i pé bí apá kan bá ti yẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti là yẹn, ẹrù ẹ̀ ló ń dì lé ìkejì lórí. Ní 1997, wọ́n kọ ọ́ síta pé ewu wà fún Izmit: ìdá 12 nínú 100, láàrin 30 ọdún. Ta ló máa torí 12 kó kúrò nílé? Àfi August 17, 1999, aago mẹ́ta òru, ó lé ní 17,000 èèyàn tó kú, ọ̀pọ̀ lábẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọn ò kọ́ dáadáa. Ní 2000, wọ́n tún ìṣirò ṣe fún Istanbul. Èyí gbé 62 wá, 30 ọdún náà ni.