Ṣé Lóòótọ́ Ni Ọkọ̀ Inú Fíìmù Yẹn Máa Bú Gbàmù?

Ẹ ti rí fíìmù tí àwọn ọmọ fẹ́ràn: ọkọ̀ ń lọ láàárín ìràwọ̀, ọ̀tá yìnbọn lu ẹ́ńjìnnì rẹ̀, gbàmù! ojú ọ̀run di iná. Bí ọmọ bá bi wá bóyá òótọ́ ni, èsì púpọ̀ nínú wa ni pé, "Pa nǹkan yẹn, lọ kàwé ẹ." Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè yẹn gan-an, ìwé ni.

Agbára tí wọ́n sábà máa ń fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní fusion. Iṣẹ́ tí oòrùn ń ṣe náà nìyẹn: átọ́ọ̀mù kéékèèké á lẹ̀ mọ́ra nínú ooru tó le, agbára ńlá á sì jáde. Ti àwọn ilé iṣẹ́ iná núkíléà òde òní yàtọ̀. Átọ́ọ̀mù ńlá ni wọ́n ń là sí méjì níbẹ̀.

Láti 1973 sí 1978, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ British Interplanetary Society, ní London wa níbí, jókòó ṣe ìṣirò irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Daedalus ni wọ́n pè é. Tọ́ọ̀nù 54,000 ni, epo nìkan sì kó 50,000 nínú rẹ̀. Ìràwọ̀ Barnard ló fẹ́ lọ, ìrìn nǹkan bí 50 ọdún, láìsí èèyàn nínú rẹ̀. Orí ìwé ló parí sí o; ẹnikẹ́ni ò kàn án.

Tó bá wá fọ́ ńkọ́? Ẹ wo ẹ̀rọ JET ní Culham, nítòsí Oxford, tó ṣiṣẹ́ láti 1983 di 2023. Ooru inú rẹ̀ ju 100 mílíọ̀nù digíríì lọ, síbẹ̀ bí nǹkan bá yẹ̀ díẹ̀, ńṣe ló ń kú pii bí àtùpà tí atẹ́gùn fẹ́. Ẹ̀rọ lè bàjẹ́ o, àmọ́ kì í di bọ́ǹbù átọ́ọ̀mù.

Eré ni ewu ibẹ̀. Daedalus máa sáré dé ìdá 12 nínú 100 eré ìmọ́lẹ̀. Bí yanrìn gíráàmù kan péré bá pàdé ẹ lọ́nà, á dà bíi 150 tọ́ọ̀nù ẹ̀tù TNT. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ya asà irin beryllium sí iwájú rẹ̀. Kò dìgbà tí ọ̀tá bá yìnbọn.

Ọ̀rọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì ò sì ṣàjèjì sí wa. Ní Royal Arsenal, Woolwich yìí, ni William Congreve ti ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, lẹ́yìn tí àwọn ará Mysore ní Íńdíà ti fi tiwọn bá Gẹ̀ẹ́sì jà. Ní December 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yin rọ́kẹ́ẹ̀tì lu Èkó, ilé jóná, Ọba Kòsọ́kọ́ sá kúrò nílùú. Ogun Àgídìngbì ni àwọn àgbà ń pè é. Ilẹ̀ Arsenal yẹn náà ni wọ́n kọ́ Thamesmead lé, tí ọmọ wa ń sùn lónìí.

Àbí ẹ ò rí i? Àwọn tí wọ́n yin rọ́kẹ́ẹ̀tì lù nígbà yẹn, ọmọ wọn ló ń kọ ìtàn ọkọ̀ òfurufú báyìí. Tade Thompson, tí wọ́n bí ní London, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní 2019 fún Rosewater. Nínú ìwé rẹ̀ ti 2021, Far from the Light of Heaven, ibùdó kan wà lójú òfurufú tó ń jẹ́ Lagos.

Nítorí náà, bí ọmọ bá tún béèrè, ẹ jókòó tì í. Ẹ bi í pé: níbo ni ọkọ̀ yẹn ti ń repo? Kí ló máa dá a dúró? Àwọn wo ló wà nínú ẹ̀? Ẹ mú un lọ sí láíbìrì, tàbí Royal Observatory ní Greenwich; kò jìnnà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.