Sùúrùlérè: Ta Ni Ó Jẹ Èrè Rẹ̀?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni owó ìdílé kan kì í gba ojú ọ̀nà kan ṣoṣo wọlé. Ọ̀pọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ a máa rò pé bí a bá ti mọ iye owó oṣù baálé, a ti mọ bí nǹkan ṣe rí fún un nílé. Ìtàn àdúgbò Sùúrùlérè ní Èkó fi hàn pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó. Nígbà tí ó di 1928, ìjọba amúnisìn dá àjọ L.E.D.B. sílẹ̀ láti tún ìlú ṣe. Àjọ yìí náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé tí ó fún mọ́ra ní àárín Erékùṣù Èkó lẹ́yìn 1955, tí ó sì ń kó àwọn tí ń gbé ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè, ní òdì kejì ọ̀sà. Ilé tuntun, títì gbọọrọ, àyè tí ó fẹ̀: lójú ẹni tí ń wo nǹkan láti òkèèrè, ire ńlá ni.

Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fi sílẹ̀? Nínú agbo ilé àtijọ́, ìyá àgbà ni í tọ́jú ọmọ bí ìyá ọmọ bá lọ sí ọjà. Iwájú ilé ni aránṣọ ti ń ránṣọ, ibẹ̀ náà ni àwọn obìnrin ń pàtẹ sí. Ẹni tí kò bá rí owó oúnjẹ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní yàrá kejì yóò bù fún un. Ẹni tí ó ń gbé ilé bàbá rẹ̀ kì í sì san owó ilé. A kò kọ ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí sínú ìwé owó oṣù, bẹ́ẹ̀ owó ni gbogbo wọn.

Ọ̀gbẹ́ni Peter Marris, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ó rí i pé àwọn oníṣòwò pàdánù oníbàárà wọn, owó ọkọ̀ àti owó ilé wọ ìnáwó, ẹbí sì fọ́nká. Àwọn tí ara tù ni akọ̀wé àti àwọn mìíràn tí owó oṣù wọn dájú. Ilé kan náà ni, ó jẹ́ èrè fún ẹnì kan, ó jẹ́ àdánù fún ẹlòmíràn.

Nígbà tí ó yá, Sùúrùlérè gbajúmọ̀. Wọ́n kọ́ pápá ìṣeré ńlá síbẹ̀ ní 1972, wọ́n sì parí Afárá Èkó ní 1975. Bí ibì kan bá ti ń dára sí i, bẹ́ẹ̀ ni owó ilé ibẹ̀ ń gòkè, tí olówó ń wọlé, tí tálákà sì ń wá ibòmíràn lọ.

Ibí yìí ni ìṣirò ti lè tàn wá jẹ. Ká ní ìdílé 10 wà ní òpópónà kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń rí ₦50,000 lóṣù. Bí 4 bá kó lọ, tí 4 mìíràn tí ń rí ₦200,000 sì rọ́pò wọn, ìpíndọ́gba òpópónà náà yóò fò láti ₦50,000 sí ₦110,000. Olùwádìí yóò kọ ọ́ pé àwọn ará ibẹ̀ ti ń là. Àmọ́ ta ni ó là nínú wọn? Kò sí ẹni tí kọ́bọ̀ lé lórí owó rẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Máròkó tún ju èyí lọ. Ní oṣù Keje 1990, ìjọba ológun wó ilé àwọn ará ibẹ̀ tán pátápátá. Ilé àwọn ọlọ́rọ̀ ni ó wà lórí ilẹ̀ náà lónìí.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá àdúgbò kan ti ń gòkè, kí a má ṣe ka àwọn tí a bá nílé nìkan. Kí a tọ ipasẹ̀ àwọn tí ó ti kó lọ. Lóòótọ́ ni sùúrù lérè, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣe sùúrù gan-an ni ó yẹ kí ó jẹ èrè náà.