Dísìkì Ńlá fún Ohùn Àwọn Àgbà

Láti ọdún 2001 tí UNESCO ti ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ ogún gbogbo ẹ̀dá, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti ń gba orin ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀. Níbo la ń kó wọn pamọ́ sí? Dísìkì tèmi bàjẹ́ ní ọdún tó kọjá, pẹ̀lú ohùn ìyá àgbà kan tó ti dolóògbé.

Bí ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ ra dísìkì fún àpótí ìpamọ́ tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà jọ ń lò, kí wọn má wo títóbi nìkan. Ní ọdún 2020, Western Digital jẹ́wọ́ pé díẹ̀ nínú dísìkì WD Red, tí wọ́n ń tà fún irú àpótí bẹ́ẹ̀, ń lo ìlànà SMR. Wọn kò sì sọ ọ́ fún olùrà ṣáájú. Nínú SMR, àwọn ipa tí a ń kọ nǹkan sí gun ara wọn bí páànù orí òrùlé: ẹni tí yóò pààrọ̀ ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣí èyí tó gùn ún. Àyè pọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n àtúnkọ a máa falẹ̀ gidigidi. CMR ni kí ẹ béèrè. Ipa tirẹ̀ kò gun ara wọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Dísìkì 16 téraoctet tó ń gba 200 mégaoctet ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò lo wákàtí 22 kó tó kún. Bí ọ̀kan nínú méjì tó jẹ́ ẹ̀dà ara wọn bá kú, iye wákàtí tí èkejì yóò fi dá ẹrù náà rù nìyẹn, ó kéré tán. Èmi yóò kúkú ra 8 téraoctet mẹ́ta: méjì nínú àpótí, ẹ̀kẹta ní ìlú mìíràn, níbi tí iná ségesège kan náà kò ti lè bà á jẹ́.