Ìró /z/ Kò Le Tó Bẹ́ẹ̀

Kò sí ìró /z/ nínú èdè Yorùbá. Ìdí nìyẹn tí "zip" fi di síìpù lẹ́nu wa, tí "zakka" àwọn Hausa sì di sàká. Ṣùgbọ́n nínú Gẹ̀ẹ́sì, "price" ni iye owó ọjà, "prize" sì ni ẹ̀bùn. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ wọn lè pàdánù máàkì nínú Oral English ti WAEC.

Gbé ìka lé gògóńgò rẹ, kí o sọ "sssss". Gògóńgò dákẹ́. Má gbé ahọ́n kúrò níbi tó wà o, kàn jẹ́ kí ohùn bá a jáde: "zzzzz", bí oyin tó ń kùn. Wàá rí i pé gògóńgò ń gbọ̀n. Irú ìyàtọ̀ yìí náà ló wà láàárín t àti d nínú "tà" àti "dà".

Àwa ará Sabon Gari tiẹ̀ ní àǹfààní kan: ojoojúmọ́ là ń gbọ́ "zo nan" lẹ́nu àwọn Hausa. z yẹn gan-an ni ti Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ ṣọ́ra fún sípẹ́lì o! s la kọ sí "is", "was" àti "boys", ṣùgbọ́n z là ń pè níbẹ̀. Ti "bus" kò yí padà, s ni.

Bí ọ̀rẹ́ yín bá ṣì í pè, ẹ má fi ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ ní kó fọwọ́ kan gògóńgò.