Ọ̀rọ̀-Ìperí nínú Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Àkásílẹ̀

Ní ọdún 2004 ni Ben Hammersley dábàá orúkọ náà, pọ́díkáàsì, nínú ìwé ìròyìn The Guardian ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ni ó ti ń gba ọ̀nà yìí gbé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìwádìí wọn jáde. 'Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àkásílẹ̀' ni a ó pè é níhìn-ín, nítorí pé a ká ohùn sílẹ̀ kí olùgbọ́ lè ṣí i nígbà tí ó bá wù ú.

Yorùbá pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Orúkọ yìí bá àkásílẹ̀ mu pẹ̀lú, ibẹ̀ gan-an sì ni ìṣòro wà. Nínú gbọ̀ngàn, ẹni tí ọ̀rọ̀ kò yé lè nawọ́ sókè. Olùgbọ́ àkásílẹ̀ kò rí ẹni bi.

Ẹ jẹ́ kí a fi 'agbára' ṣe àpẹẹrẹ. Nínú ẹ̀kọ́ físíìsì, ó lè dúró fún ohun tí ń ti nǹkan tàbí tí ń fà á. Ó sì lè dúró fún ohun tí a fi ń ṣe iṣẹ́. Lẹ́nu onímọ̀ òṣèlú, àṣẹ ni. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí a lo 'ipá' fún ti àkọ́kọ́, 'agbára' fún èkejì, 'àṣẹ' fún ti òṣèlú. Kí olùbánisọ̀rọ̀ sì túmọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí ó bá kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀.

Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí a fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún 6. Olùkọ́ wà níwájú wọn láti ṣàlàyé. Nínú àkásílẹ̀, ọ̀rọ̀-ìperí ni yóò ṣàlàyé ara rẹ̀.