Èèkàn Gọ́ọ̀fù àti Bí A Ṣe Ń Yàn Án

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé bí abẹ́rẹ́ ti wù kí ó kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni èèkàn kékeré tí a ń gbé bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù lé, èyí tí àwọn òṣèré ń pè ní tíì. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ọmọdé sì lè kó ogún rẹ̀ sínú àpò kan ṣoṣo. Síbẹ̀, bí ẹni tí ń gbá bọ́ọ̀lù bá ṣi èèkàn yàn, ọ̀pá olówó gọbọi tí ó dì mú kò lè gbà á.

Ẹni tí ó bá gbéra ní Eko-Ende, tí ó la Ìkìrun kọjá, tí ó sì dé Àdá, yóò rí irú pápá tí a ti ń ṣe eré yìí. Ọmọọba Túndé Pọ́nnlé, ọmọ ìlú Àdá, ni ó dá ilé ìtura MicCom sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú pápá gọ́ọ̀fù oníhò 18. Iṣẹ́ òṣèré ni láti fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù kékeré kan láti ibi ìbẹ̀rẹ̀ títí yóò fi wọ inú ihò. Ẹni tí iye ìgbà tí ó gbá a bá kéré jù lọ ni ó borí. Ní ibi ìbẹ̀rẹ̀ ihò kọ̀ọ̀kan nìkan ni òfin gbà kí a fi èèkàn gbé bọ́ọ̀lù sókè. Lẹ́yìn èyí, ibi tí bọ́ọ̀lù bá dúró sí ni a ó ti gbá a, ìbáà ṣe inú koríko, ìbáà ṣe inú yanrìn.

Ní ayé àtijọ́, yanrìn tútù ni àwọn ènìyàn ń bù jọ bí òkìtì kékeré, kí wọn tó gbé bọ́ọ̀lù lé e. Iṣẹ́ náà ń dọ̀tí ọwọ́, ó sì ń fi àkókò ṣòfò. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó wá ọgbọ́n sí i ni George Franklin Grant, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, tí àwọn òbí rẹ̀ ti ṣe ẹrú rí. Ó gboyè ìṣègùn eyín ní Yunifásítì Harvard ní ọdún 1870, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó di olùkọ́ níbẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá, ọdún 1899, ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé àṣẹ lórí èèkàn onígi tí ó fi rọ́bà sí lórí. Grant kò fi í ṣòwò; àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó ń pín in fún títí ó fi kú ní ọdún 1910. Lẹ́yìn ọdún 1920, William Lowell, tí òun náà jẹ́ oníṣègùn eyín, ṣe èèkàn tirẹ̀, ó tà á káàkiri, òkìkí sì di tirẹ̀. Ọdún 1991 ni ẹgbẹ́ tí ń ṣàkóso gọ́ọ̀fù ní Amẹ́ríkà tó bu ọlá tí ó tọ́ sí Grant fún un.

Ohun mẹ́ta ni ọlọ́gbọ́n fi ń yan èèkàn. Èkíní ni ọ̀pá tí ó fẹ́ lò. Bí ó bá jẹ́ ọ̀pá gígùn olórí ńlá tí a ń pè ní dráífà, èèkàn gígùn, bí íǹṣì 2¾ tàbí 3¼, ni ó yẹ ẹ́. Kí ó rì í mọ́lẹ̀ títí yóò fi ku ìdajì bọ́ọ̀lù tí ó ga ju orí ọ̀pá náà lọ, nígbà tí ó bá gbé ọ̀pá kalẹ̀ lẹ́yìn bọ́ọ̀lù. Bí bọ́ọ̀lù bá ga jù, ọ̀pá yóò gba abẹ́ rẹ̀, yóò sì fò lọ sókè láìjìnnà; bí ó bá rẹlẹ̀ jù, ọ̀pá lè bà á ní àtàrí, kí ó sì máa yí gbiri nílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọ̀pá olórí irin, èèkàn kúkúrú tó. Kí bọ́ọ̀lù ṣáà ti yọ díẹ̀ lórí koríko.

Èkejì ni ilẹ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ a máa le bí àpáta, èèkàn onígi a sì máa ṣẹ́. Èyí tí a fi ọparun tàbí ike ṣe a máa pẹ́ jù ú lọ. Ṣùgbọ́n igi a máa jẹrà, ike kì í jẹrà. Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá lo ike ṣa èèkàn rẹ̀ kúrò nílẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni òfin. Èèkàn kò gbọdọ̀ gùn ju íǹṣì 4 lọ, a kò sì gbọdọ̀ ṣe é lọ́nà tí yóò fi máa júwe ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù yóò gbà. Ẹni tí ó bá rú òfin yìí yóò jìyà rẹ̀ nínú eré. Ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù bá ṣèèṣì já bọ́ lórí èèkàn kí a tó gbá a, a lè gbé e padà láìsí ìyà.

Nítorí náà, àwọ̀ tàbí iye owó kọ́ ni a fi ń yan èèkàn. Kádì, ìyẹn ọmọ tí ń bá òṣèré gbé àpò ọ̀pá, tí ó bá mọ nǹkan mẹ́ta yìí kì í kàn na èèkàn sí ọ̀gá rẹ̀. Yóò kọ́kọ́ wo ọ̀pá, yóò sì wo ilẹ̀. Olùkọ́ ní Harvard kò ka èèkàn sí ohun tí ó kéré jù fún òun láti ronú lé lórí. Ọmọ tí ó bá ń fi ara balẹ̀ wo ohun kékeré ni a ó lè fi ohun ńlá lé lọ́wọ́.